Òwú Pupa Kì Í Wọ Omi

Ẹni tó bá gbé aṣọ wá sọ́dọ̀ wa, èmi ló máa kọ́kọ́ rí. Ìdí kàǹtà ni mo máa ń jókòó sí. N ó gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ, n ó yẹ àpò rẹ̀ wò, n ó wo ibi tó ti ya kó o má baà sọ lọ́la pé àwa la ya á, lẹ́yìn náà n ó so òwú mọ́ ọn nídìí kọ́là. Òwú yẹn ni orúkọ aṣọ rẹ láàárín igba aṣọ tó jọ ọ́. Àwọ̀ méje ni mo ní nínú agolo mi, mo sì mọ ẹni tó ni èyí àti ẹni tó ni tọ̀hún láìwo ìwé. Ọdún mẹ́rìnlá rèé, aṣọ ẹnì kankan ò tíì bá ẹlòmíì lọ sílé. Mi ò fọ́nnu o. Ẹ lọ béèrè.

Kókó mi náà yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń ta á, n ó wá fi eyín fà á le. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ò lè tú u, omi gbígbóná ò lè tú u. Àwọn tó ń fọṣọ lẹ́yìn máa ń sọ pé kókó mi le bí orí mi. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé orí tiyín tó rọ̀ ńkọ́, ṣé ẹ rí ibi tó gbé yín dé?

Òfin kan ṣoṣo ni mo ní: òwú pupa kì í wọ omi. Aṣọ gbígbẹ tí a fẹ́ lọ̀ lásán, kò burú, n ó so pupa mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tí omi bá ti kàn án, àwọ̀ rẹ̀ á ṣàn. Lọ́dún tí mo débí, mo so pupa mọ́ ẹ̀wù funfun ọkọ ìyàwó kan. Nígbà tí ẹ̀wù náà máa jáde nínú omi, ọrùn rẹ̀ dà bí ọrùn ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé. Ọ̀gá bú mi títí ẹnu fi gbẹ ẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ibi yòówù kí n ti rí òwú pupa tó tutù, ọwọ́ mi á ti já a kí orí mi tó mọ̀, n ó sì fi funfun rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ọ̀gá wa kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ òun náà ní òfin tirẹ̀. Kò fẹ́ aboyún nídìí áyọ́ọ̀nù. Ó ní ooru ò dáa fún wọn, òun ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá kó òun sí ìjàngbọ̀n. Ẹ̀rín ló máa fi ń sọ ọ́: "Ikùn bá wọlé, áyọ́ọ̀nù jáde." Àwa náà á bá a rẹ́rìn-ín. Ojú wa báyìí ni obìnrin mẹ́rin ti kó ẹrù wọn lọ láàárín ọdún márùn-ún, kò sì sí èyí tó padà wá bá àyè rẹ̀ níbẹ̀.

Àbúrò mi wà nídìí áyọ́ọ̀nù. Ọmọ ìyá mi ni, èmi ni mo mú un wọ iṣẹ́ náà. Kékeré ni gbogbo wa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ga jù mí lọ. Ó ti lọ́kọ láti ọdún kan àbọ̀. Ọ̀gá ti ṣèlérí fún un pé tí òun bá ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì lópin ọdún, Kékeré ni yóò jẹ́ olórí níbẹ̀. Ọmọ yìí fẹ́ ipò náà débi pé ó ń rọ́ àlá rẹ̀ fún mi. Ó fẹ́ ọmọ náà o, ẹ má ṣì í gbọ́. Ó ti fi ibi tí ibùsùn ọmọ yóò wà nínú yàrá rẹ̀ hàn mí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Ó kàn ní kí ọmọ ṣì ní sùúrù ná, kí òun fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ò mọ̀. Awakọ̀ ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ oṣooṣù ló ń ka ọjọ́. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe ìfètòsọ́mọbíbí ò jìnnà sí wa, ẹsẹ̀ ló máa gbé ọ débẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ń kọ káàdì níbẹ̀. Kékeré ní kí òun tó dìde lórí bẹ́ǹṣì wọn, ìròyìn á ti délé ṣáájú òun. Bí ó ṣe yà sọ́dọ̀ Màmá Oníkòkò nìyẹn.

Màmá Oníkòkò ló ń se aṣọ funfun, aṣọ ibùsùn àti aṣọ tábìlì, nínú àwọn ìkòkò ńláńlá ní yàrá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ náà ló ti ń se àgbo àìlóyún rẹ̀. Egbò kan ni, èèpo igi kan ni, ewé kan ni. Kò dárúkọ wọn fún ẹnikẹ́ni rí. Ó kan pákó mọ́ ògiri, ó to ìgò sórí rẹ̀, ìgò kan fún obìnrin kan. Torí pé kò mọ̀wé, ó ní kí n bá òun fi òwú sàmì sí wọn bí mo ṣe ń sàmì sí aṣọ. Mo so wọ́n fún un: búlúù fún obìnrin tó ń ká aṣọ, àwọ̀ ewé fún ẹni tó ń lọ ṣòkòtò, funfun fún Kékeré.

Ìgò kan tún wà tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Òun ni Màmá Oníkòkò máa ń bù fún ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti pẹ́ jù. Òun fúnra rẹ̀ ló wá mú òwú pupa nínú agolo mi tó so ó mọ́ ọn. Mo ní, "Màmá, ooru ìkòkò yín á mú un ṣàn o." Ó ní kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀, pé pupa ni ojú ń tètè rí. Ó sì ń kìlọ̀ fún gbogbo ayé: "Ẹ má fọwọ́ kan pupa. Èmi ni mo máa bù ú." Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àwa la mọ òwú jù láyé yìí.

Kó tó tó oṣù mẹ́ta, Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Orí ń fọ́ ọ, inú ń rún un, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Mo lọ bá Màmá Oníkòkò nídìí ìkòkò.

"Màmá, àgbo yín yìí ń jẹ ọmọ ìyá mi."

"Ooru áyọ́ọ̀nù ni. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń sè é. Ta lo gbọ́ pé ó kú?"

"Ẹni tó bá kú kì í padà wá síbi iṣẹ́, Màmá. Báwo la ṣe fẹ́ gbọ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ gbá mi léjìká. "Ẹnu rẹ yìí á pa ọ́." Èèyàn dáadáa ni, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Nígbà tí ìyá wa kú, odindi oṣù kan ló fi ń gbé oúnjẹ wá fún wa. Kò gbèrò ibi sí ẹnikẹ́ni rí, ìyẹn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù títí dòní.

Mo padà bá Kékeré, mo ní kó dá a dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ku oṣù méjì péré. Tí mo bá ti di olórí, màá dà á nù, màá sì fọ́ ìgò náà." Mo ní tí ara rẹ ò bá dúró de oṣù méjì ńkọ́? Ó ní kí n má fi ẹnu mi ṣépè fún òun. Mo padà sídìí kàǹtà mi. Ẹni tí mo pọ̀n dàgbà ni, kì í gbọ́ tèmi tó bá ti fẹ́ nǹkan.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọ Màmá Oníkòkò bímọ, Màmá sì gba ààyè ọjọ́ méjì láti lọ wò ó. Ìgò Kékeré ti ṣófo nígbà náà. Màmá gbé e sínú báàgì rẹ̀ lọ sílé pé òun á fọ̀ ọ́, òun á sì fi àgbo tuntun kún un. Kò sọ fún Kékeré, kò sọ fún mi. Mi ò mọ ìyẹn títí ó fi dé.

Ọjọ́ tó lọ yẹn gan-an ni òtẹ́ẹ̀lì kan kó ọgọ́rin aṣọ ibùsùn wá fún wa. Ọ̀gá ní kí n máa fojú tó yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú kàǹtà mi, bí ẹni pé orí méjì ni mo ní. Gbogbo ìkòkò ló ń hó, èéfín omi bo yàrá débi pé èèyàn ò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Wọ́n to àwọn èyí tó ti mọ́ sórí tábìlì lábẹ́ pákó ìgò. Mo wọlé láti kà wọ́n, mo sì rí i: omi pupa ń ro tó, tó, tó, láti orí pákó sórí aṣọ funfun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká.

Inú bí mi! "Mo sọ ọ́! Ṣé mi ò sọ ọ́ fún màmá yìí?" Mo fa ìgò náà sọ́dọ̀, mo fi eyín já òwú pupa, mo jù ú sínú ìdọ̀tí, mo nu ìgò, mo yọ òwú funfun nínú àpò mi, mo so ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo fi eyín fà á. Mo dá ìgò padà sí àyè rẹ̀. Ẹ bi mí pé kí ni mo rò, mi ò rò nǹkan kan. Aṣọ ni ọwọ́ mi ṣe bí ẹni pé òun dì mú. Oníbàárà kan sì ń gbá kàǹtà níta, ó ń pariwo pé ṣòkòtò òun dà. Mo ju aṣọ tó bàjẹ́ sínú omi ọṣẹ, mo sáré jáde lọ bá a, a jà dáadáa lórí ṣòkòtò náà. Ìgbà tí mo fi máa borí rẹ̀, mo ti gbàgbé pé ìgò kankan wà láyé.

Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo gbóòórùn aṣọ tó ń jó. Nídìí iṣẹ́ wa, èèyàn kì í dúró gbọ́ òórùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo sáré wọlé. Kékeré dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì di tábìlì mú, áyọ́ọ̀nù wà lórí ẹ̀wù ẹni ẹlẹ́ni, èéfín ń rú níwájú rẹ̀, kò sì rí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ojú mi ń ṣókùnkùn."

Mo gbá a mú kó tó balẹ̀. Ó bì sí mi láyà. Ohun tó bì dúdú.

Ọ̀gá fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gbà wá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. "Kí ló jẹ? Kí ló mu? Ṣé ó lo oògùn kankan, tàbí àgbo?"

Kékeré di ọwọ́ mi mú. Kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ọwọ́ yẹn ń bẹ̀ mí. Ọkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń mí hẹlẹ, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò ó pé àgbo tó ti ń mu láti oṣù mẹ́ta ni, pé á lọ, pé kí ọkọ rẹ̀ ṣáà kọ́kọ́ jáde ná.

"Kò mu nǹkan kan," mo ní. "Oúnjẹ àná ló bá a jà."

Nọ́ọ̀sì wò mí. "Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Èmi tí mi ò jẹ́ purọ́ fún oníbàárà lórí bọ́tìnnì kan.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí ọsàn, kò sì tíì tọ̀ láti àná. Dókítà méjì dúró ní ìsàlẹ̀ ibùsùn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n lọ bá òun mú aṣọ ìpààrọ̀ rẹ̀ tó wà níbi iṣẹ́. Mo lọ.

Màmá Oníkòkò ti dé. Ó dúró níwájú pákó, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Kò tíì gbọ́ nǹkan kan, ọkọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ já a sílẹ̀.

"Wá wo nǹkan," ó ní. "Ta ló gbé pupa mi?"

Ìgò Kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti fi àgbo tuntun kún un, òwú funfun mi sì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo gbójú sókè wo pákó. Ìgò mìíràn wà níbẹ̀ tó ní òwú funfun lọ́rùn. Ohun inú rẹ̀ nípọn, ó dúdú, ó sì ti lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ. Mo wo kókó rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Èmi ni," mo ní. "Màmá, èmi ni mo pa òwú rẹ̀ dà. Kékeré wà ní ọsibítù."

Ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí. "Yéè! Mo gbé! Ìyẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá mu!"

"Kí ló wà nínú rẹ̀? Báwo ló ṣe le tó? Ẹ sọ ọ́ kí n lè lọ sọ fún dókítà."

Obìnrin tó ní èsì fún gbogbo ọ̀rọ̀. "Egbò náà ò dọ́gba," ó ní, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Ìgbà mìíì ó máa ń le ju ìgbà mìíì lọ. Èmi náà kì í mọ̀."

Ọdún mọ́kànlélógún. Èmi náà kì í mọ̀.

Mo gbé ìgò náà, mo sáré dé ilé ìwòsàn. Mo gbé e lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, mo sọ àgbo oṣù mẹ́ta, mo sọ pé ó ṣèèṣì mu èyí tó le. Mi ò sọ bí ó ṣe ṣèèṣì. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń gbọ́. Nọ́ọ̀sì ò pariwo mọ́ mi, ì bá sàn ká ní ó pariwo.

"Àná ni mo bi yín," ó ní. "Àná. Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọmọ yìí ti ń bá nǹkan yìí jà, kí èyí tó tún wá gorí rẹ̀. Ẹni tó sè é ò mọ ìwọ̀n rẹ̀, àwa náà ò lè mọ̀ ọ́n. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ń wá kiri, ó wà lọ́dọ̀ wa níbí, a mọ ìwọ̀n rẹ̀, a sì máa ń yẹ èèyàn wò kí a tó fún un." Ó gbé ìgò náà lọ bá àwọn dókítà, kò wo ẹ̀yìn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Kékeré lajú. Ó ní kí ọkọ òun lọ wá nǹkan jẹ. Nígbà tó ku àwa méjì, ó ní kí n sún mọ́ òun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bá Màmá jà. Ẹ̀bi mi ni. Mo ṣe bí Màmá ti bu tuntun sínú ìgò mi kó tó lọ. Ó korò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo tu èyí tó wà lẹ́nu mi dànù. Mo ti fẹ́ da gbogbo rẹ̀ nù." Ó sinmi díẹ̀. "Mo wá wo ọrùn ìgò, mo rí kókó yín. Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi ló so ó, ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣàṣìṣe. Mo wá mu ún. Mo tiẹ̀ mu kún un, torí ọjọ́ méjì ni mi ò tíì mu."

Ibi tó yẹ kí n ti sọ ọ́ nìyẹn. Mo gbìyànjú. Mo ní, "Sinmi, Kékeré." Ó sinmi. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti lọ.

Màmá Oníkòkò ò dúró kí ẹnikẹ́ni lé òun. Ó wá kó aṣọ rẹ̀, ó fi ìkòkò sílẹ̀. Gbogbo ayé ní òun ló gbé ìgò tí kò tọ́ síbi tí kò tọ́, wọ́n bú u, wọ́n ṣépè fún un ní ojúde. Kò dárúkọ mi. Ó kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan péré bó ṣe ń jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, obìnrin tó ń ká aṣọ wá bá mi nídìí kàǹtà, ó rẹ ohùn sílẹ̀: ta ni yóò máa sè é fún àwọn báyìí? Mo lé e jáde bí ajá. Ṣùgbọ́n mo ń wo ìgò rẹ̀ lórí pákó, èyí tó ní òwú búlúù, ó ṣì ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọkọ Kékeré wá sí ṣọ́ọ̀bù lánàá. Ó ti rù. Ó gbé àpò aṣọ rẹ̀ lé kàǹtà, ó ní òun fẹ́ kí a fọ̀ wọ́n kí òun tó kó wọn pamọ́. Mo ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń yẹ àpò wọn wò bí iṣẹ́ mi. Ní ìsàlẹ̀, aṣọ ọmọ ọwọ́ mẹ́ta wà níbẹ̀, funfun, tuntun, wọn ò tíì yọ bébà ìtajà kúrò lára wọn.

"Abẹ́ àpótí rẹ̀ ni mo ti rí wọn," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rò pé kò fẹ́ bímọ fún mi ni."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, ó sún àwọn aṣọ náà sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ bá mi so wọ́n dáadáa kí wọ́n má baà sọnù. Ó máa ń sọ fún mi pé kókó yín kì í tú."

Mo ṣí agolo mi. Mo mú òwú funfun, mo dá a padà. Mo de agolo. Mo jáde lẹ́yìn kàǹtà, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo fa àga fún un.

"Àna mi, jókòó," mo ní. "Kì í ṣe Màmá Oníkòkò."

Ó jókòó, ó ń wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí òwú pupa.